Ìwé Tí Mo Kà fún Ọmọ Ọlọ́mọ

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni mo kó bọ̀ láti Òkè Ọya. Òrí ni mo máa ń dárúkọ fún wọn, àti ikọ́ kan tí kì í jẹ́ kí n gbádùn nígbà ọyẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ìwé, mo sì kọ́ ọmọ tèmi bí wọ́n ṣe ń kórìíra rẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ni mo ṣe láṣeyanjú.

Ilé wa wà ní Ìtókò, ní Abẹ́òkúta. Bàbá Bọ́láńlé kú nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lé mi jáde. Wọn ò pariwo, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ń mú ẹlòmíràn wá sínú yàrá kọ̀ọ̀kan títí tí kò fi sí ibi tí mo lè tẹ́ ẹní sí mọ́. Mo gbé ọmọ mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Mo ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́, Gíréèdì Túù, ṣùgbọ́n olùkọ́ pọ̀ bí ewé nílẹ̀ wa nígbà yẹn; ẹni tí kò bá lẹ́nìkan lókè, ẹ̀yìn ni yóò máa wà. Ìgbà náà ni a gbọ́ pé wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, pé Minna ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú rẹ̀, pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti kó ọmọ kún ilé-ìwé, olùkọ́ ni kò sí. Mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí.

Ìyá mi kò ní kí n má lọ. Ó kàn bi mí pé ọdún mélòó ni. Mo ní ọdún kan. Bọ́láńlé ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, ó jókòó tì wá, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó na ìka kan sókè, ó wò ó, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ìka kan kò pọ̀ lójú ọmọdé. Ọdún mẹ́jọ ni mo lò.

*

Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró ní Minna ni àwọn obìnrin Gwari tó ń ti oko bọ̀. Èjìká ni wọ́n ń ru ẹrù igi lé. Orí wọn òfìfo, ọrùn wọn nà, ìdì igi tí ọkùnrin méjì ì bá pín gbé wà lórí eegun èjìká kan ṣoṣo. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń wò wọ́n bí òmùgọ̀. Láti kékeré ni mo ti gbà pé orí ni Ọlọ́run dá fún ẹrù. Mo wá mọ̀ pé níbi tí mo dé yìí, ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní í ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò tíì gbà pé òun ti di olú-ìlú. Àwọn òkúta ńláńlá tó yí i ká ń wo àwọn mọ́tò ìjọba tó ń gbé eruku sókè, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń po sìmẹ́ńtì. Wọ́n ti ṣèlérí ilé fún àwa olùkọ́ ní Low Cost tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Tunga, ṣùgbọ́n koríko ni mo bá níbẹ̀. Mo wá yàrá sí Sabon Gari, lọ́dọ̀ ìdílé ará Ìlọrin kan. Àlùfáà ni baálé ilé náà. Ó ń kọ́ ọmọdé ní kéwú láàárọ̀, ó ń rán fìlà lọ́sàn-án. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rùkáyá, ń ta kókó, ìyẹn ògì gbígbóná, lẹ́nu ọ̀nà. Yorùbá ni àwọn méjèèjì ń bá mi sọ, ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ wọn wí. Rùkáyá, àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, á kúnlẹ̀, á kí mi pé "Ẹ káàárọ̀, Anti" bí ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí, á wá fi "Ina kwana" tì í lẹ́yìn kí ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Nínú ọjà, "Bayarabiya" ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn obìnrin Yorùbá. Kò sí èébú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé, kò sẹ́ni tó pè mí ní obìnrin Yorùbá rí. Orúkọ mi ni wọ́n ń pè, tàbí orúkọ ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá ní Minna láìsí ẹni tó pè mí ní Ìyá Bọ́láńlé, nítorí kò sẹ́ni tó rí Bọ́láńlé lẹ́yìn mi.

*

Kíláàsì kẹta ni wọ́n fún mi, ọmọ tó lé ní ọgọ́ta, àwọn kan lórí bẹ́ńṣì, àwọn kan lórí ẹní. Rùkáyá wà nínú wọn. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo ní kó dìde, kó ka ojú ewé kẹsàn-án nínú ìwé kíkà wọn. Ó kà á láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Inú mi dùn. Mo sún mọ́ ọn láti yìn ín, mo sì rí i pé ó dorí ìwé náà kodò. Màlúù inú àwòrán ibẹ̀ na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè.

Mo pe ẹlòmíràn, òun náà kò ṣì í. Mo fi ọwọ́ bo ojú ewé náà, ó ń kà á lọ. Mo wá ṣí ibi tí wọn kò tíì dé, mo ní kí ẹni tó bá lè kà á nawọ́. Kò sí ọwọ́ kan. Ẹni tó kọ́ wọn ṣáájú mi ti fi pàṣán kọ́ wọn lórin, wọ́n sì mọ orin náà dé ibi tó kọ́ wọn dé. Ìwé kò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ rí.

Kì í ṣe pé kò sí ìwé. Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà tó kún fún ìwé ìtàn ọmọdé, àwọn ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àwòrán aláwọ̀ mèremère. Ìjọba ló fi wọ́n ránṣẹ́. Ọmọ kankan kò fọwọ́ kàn wọ́n rí. Malam Ndagi lorúkọ ọ̀gá náà, ọkùnrin Nupe, èèyàn jẹ́jẹ́ tí aṣọ funfun rẹ̀ kì í dọ̀tí. Àpò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà ń gbé. Nígbà tí mo tọrọ ìwé, ó ní àwọn alábẹ̀wò lè dé nígbàkigbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bá àwọn ìwé náà ní mímọ́. Pé àwọn ọmọ wọ̀nyí máa fà wọ́n ya. Mo sọ fún un pé ìwé tí kò bá ya rárá, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kà á. Ó yọ ẹyọ kan ṣoṣo, ó ní kí n bu ọwọ́ lùwé pé mo gbà á, kí n sì máa dá a padà lójoojúmọ́.

Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí odò gbé bàtà rẹ̀ lọ. Ó ń tẹ̀lé etí odò, ó ń bi gbogbo ohun tó bá pàdé bóyá wọ́n rí bàtà òun. Mo ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ kí a tó jáde lójoojúmọ́. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ pamọ́, kí wọ́n sún mọ́ mi, pé kò ní sí ìbéèrè, kò ní sí pàṣán. Mo kàwé. Wọ́n ń wo ẹnu mi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, Hausa tèmi kò sì ju kí n ra ata lọ. Mo fẹ́ pa á dé nígbà tí Rùkáyá nawọ́. Ó bi mí bóyá òun lè sọ ọ́ fún wọn.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà. Mo máa ka gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, mo máa sọ ọ́ ní Yorùbá sí Rùkáyá létí, òun á sọ ọ́ ní Hausa fún gbogbo kíláàsì. Ìtàn náà ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, nítorí Rùkáyá a máa fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí a dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti pàdé lékeléke kan tó fi ẹyọ bàtà kan kọ́ ọrùn, mo pa ìwé dé. Wọ́n ní "A kara, Malama", kí n fi kún un. Mo ní "Sai gobe", ó di ọ̀la. Hausa àkọ́kọ́ tí mo sọ pẹ̀lú ìdùnnú nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ tó máa ń sá nílé-ìwé lọ ta omi ti jókòó síwájú kí aago tó lù.

Mi ò ṣe ohun tó le. Mò ń kàwé, mò ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kí wọ́n lè rí ibi tí ohùn mi ti ń jáde. Mò ń bi wọ́n pé ká ní ẹ̀yin ni odò gbé bàtà yín lọ ńkọ́. Wọ́n ń dáhùn, mò ń kọ ìdáhùn wọn sójú pátákó ní Hausa bí Rùkáyá ṣe ń pè é fún mi, wọ́n sì ń rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn lè dúró síbì kan. Nígbà tí pátákó kò gbà á mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sáwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ìjọba, à ń ṣa bébà àpò sìmẹ́ńtì. Àwọn ọmọ á gbọn eruku rẹ̀ dànù, a ó gé e, wọ́n á ya àwòrán sí i, wọ́n á kọ ìtàn tiwọn sábẹ́ rẹ̀. Àlùfáà, bàbá Rùkáyá, fi òwú fìlà gán an pọ̀ di ìwé. Olú-ìlú tí wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì kọ́, àwa náà fi bébà rẹ̀ kọ́ tiwa.

Ní ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Rùkáyá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Limawa, ó dá mi dúró pẹ̀lú. Ó ń wo ohun tí wọ́n kọ sókè ilẹ̀kùn, ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ó kà á síta. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà rí. Ó di aṣọ mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún kà á, ó tún kà á. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ìgbà tí inú mi dùn jù ní gbogbo ọdún mẹ́jọ yẹn, ọjọ́ náà ni. Mo ti wá ń tijú rẹ̀ báyìí.

*

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, mo máa ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti fi fóònù pe ilé. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn òyìnbó nítòsí ilé wa ní Abẹ́òkúta ní fóònù, ìyá mi á sì mú Bọ́láńlé lọ jókòó síbẹ̀. Mo lè dúró lórí ìlà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí kí wọ́n tó pe orúkọ mi. Tí ó bá wá kàn mí, ariwo inú fóònù náà dà bí ẹni ń din nǹkan. Ìyá mi á ní àlàáfíà ni wọ́n wà. Á gbé fóònù fún Bọ́láńlé. Bọ́láńlé á sọ pé "Ẹ káàsán, mà."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Mo bi í pé ṣé ó ń jẹun, ó ní ó ń jẹun. Nígbà tó yá mo rò pé mo ti rí ọgbọ́n dá sí i. Mo da ìtàn ọmọbìnrin oníbàtà náà kọ ní Yorùbá, mo mú un dání lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un lórí fóònù. Mo ń kà, mo ń yí ohùn padà bí mo ti ń ṣe ní kíláàsì, àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn mi ń kùn. Kò rẹ́rìn-ín, kò bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹta tí mo ti ń kà á, ó dá mi dúró.

"Ta ni ẹ ń kà á fún níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní àwọn ọmọ kíláàsì mi ni.

"Wọn ò ní ìyá ni?"

Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọmọdé ni, kí n má dá a lóhùn. Mo dé Sabon Gari, Rùkáyá sì jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú ìwé lórí itan. Mo kà á fún un.

Ó rọrùn láti fẹ́ràn ọmọ tó wà níwájú ẹni. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìdálẹ̀ nìyí, àwọn tó lọ ṣáájú mi kò sì sọ ọ́ fún mi. Wọ́n sọ fún mi nípa ooru, nípa oúnjẹ, nípa àwọn tí kò ní í gbọ́ èdè mi. Wọn ò sọ pé ìfẹ́ kì í dúró de ẹni tí a fi sílẹ̀ nílé. Ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò bù ú mu. Owó oṣù mi ń dé ọwọ́ ìyá mi láìyẹ̀. Aṣọ ọdún ń dé. Mo ń pe èyí ní ìtọ́jú ọmọ.

Nígbà tí mo lọ sílé fún Kérésì àkọ́kọ́, àwọn ará àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Hausa. Bọ́láńlé kúnlẹ̀ kí mi ní ìkíni tó gún régé, irú èyí tí wọ́n fi ń kí àlejò láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fún un ní ìwé bébà sìmẹ́ńtì kan tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi mí pé ta ló ya àwòrán, mo ní Rùkáyá ni. Ó bi mí pé ta ló gán an, mo ní bàbá Rùkáyá ni. Ó rọra gbé e fún mi padà.

*

Ní ìparí ọdún kejì, àwọn alábẹ̀wò dé. Malam Ndagi kó wọn wá sí kíláàsì mi láìsọ tẹ́lẹ̀. Àgbà inú wọn mú ìwé ìtàn kan láti inú àpò tirẹ̀, ìwé tí àwọn ọmọ kò rí rí, ó nà án sí ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ náà kà á. Ó kọsẹ̀ níbi méjì, ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà. Nígbà tí ó parí, ó bi ọkùnrin náà bóyá òun lè mú un lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, Malam Ndagi fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Orí mi wú. Mo ronú pé bí mo bá lè ṣe èyí fún ọgọ́ta ọmọ, kí ló dé tí mi ò lè ṣe é fún ẹyọ kan? Nígbà tí ilé-ìwé wọlé lọ́dún kẹta, mo mú Bọ́láńlé wá sí Minna. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo fi í sí kíláàsì kẹta, kíláàsì tèmi, mo fi í sórí bẹ́ńṣì iwájú.

Kò gbọ́ Hausa. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn ọmọ kò fìyà jẹ ẹ́, wọn kàn kò mọ ohun tí wọ́n lè bá a sọ. Rùkáyá ti wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà náà, ṣùgbọ́n nígbà ìtàn, olùkọ́ rẹ̀ a máa jẹ́ kó wá dúró tì mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá sí Rùkáyá létí, Rùkáyá ń sọ ọ́ fún wọn. Mi ò ronú sí i nígbà náà. Ọmọ mi jókòó síwájú mi, ó ń wo bí Yorùbá mi ṣe ń lọ sí etí ẹlòmíràn.

Ó máa ń gbé orí lé tábìlì. Nílé, tí mo bá ní kó wá kí n kàwé fún un, á ní òun ti gbọ́ ọ. Rùkáyá gbìyànjú láti fà á mọ́ra, ó kọ́ ọ ní eré, ó fún un ní kókó ìyá rẹ̀. Bọ́láńlé mu kókó náà. Mo ń sọ fún ara mi pé kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ́ra.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jáde lọ bá Malam Ndagi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo padà dé, Bọ́láńlé jókòó sórí àga mi. Ìwé ọmọbìnrin oníbàtà náà wà níwájú rẹ̀, ó ń fa ojú ewé rẹ̀ ya ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò fi ìbínú ṣe é. Ó ń to àwọn ègé rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.

Pàṣán ẹni tó ṣáájú mi ṣì wà lórí fèrèsé. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé-ìwé yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Mo mú un, mo sì na ọmọ mi níwájú gbogbo wọn. Mi ò mọ iye tí mo nà án. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kan ti ń fi ọwọ́ bojú. Bọ́láńlé kò sunkún. Nígbà tí apá ro mí, ó gbé ojú sókè.

"Ẹ kà á fún mi báyìí," ló wí.

Malam Ndagi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ló fẹ́ sọ, nítorí òun ló ti kìlọ̀ fún mi pé wọ́n máa ya. Ó gba pàṣán lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́.

"Malama, takarda ce fa," ló sọ fún mi. Bébà lásán mà ni.

Rùkáyá ti sáré wá láti kíláàsì rẹ̀, ó ti wà nílẹ̀, ó ń ṣa àwọn ègé ìwé náà. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, kí n má fò ó: ìwé ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ gbé. Nígbà tí mo fi máa rántí láti wo ẹ̀yìn, Bọ́láńlé ti padà sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, ó ti ká apá, ó ń wò wá.

Nígbà ìsinmi, ìyá mi wá mú un. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì di ẹrù rẹ̀.

*

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá tẹ̀lé wọn lọ. Èmi dúró. Mo ń sọ pé nítorí owó ni, pé ìyá mi ti ń darúgbó, pé ta ni yóò gbọ́ bùkátà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ní Minna, ibi kan wà tí ọmọ ọgọ́ta ti ń dìde dúró fún mi lójoojúmọ́ nítorí pé inú wọn dùn pé mo dé. Kò sí irú ibẹ̀ fún mi ní Abẹ́òkúta.

Ìlú náà kò sì dúró tì mí. Ní ọdún kẹjọ, àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà ti ń jáde láti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, ìjọba sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwa tí a wá láti ibòmíràn pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, iṣẹ́ yín ti parí. Ìlà mẹ́ta ni lẹ́tà náà. Mi ò lè bínú sí i. Ìlú wọn ni. Ọ̀rọ̀ Rùkáyá ló dùn mí jù. Òun náà ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Minna ni wọ́n bí i sí, kò mọ ibòmíràn, Hausa ló fi ń lá àlá. Nígbà tó lọ tọrọ iṣẹ́, akọ̀wé kan bi í pé níbo ni bàbá rẹ̀ ti wá. Wọ́n ní kó lọ sí ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó wá bá mi, ó jókòó sórí àpótí tí mo ti dì, ó ní ṣùgbọ́n Ìlọrin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun débẹ̀ rí. Ó gba yàrá kan ní Limawa, ó ń kọ́ ọmọ kéékèèké níbẹ̀. Ó ń kọ̀wé sí mi títí di òní. Lẹ́tà rẹ̀ gùn, ó sì dùn ún kà.

*

Bọ́láńlé ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí mo padà dé. Kíkà rẹ̀ kò ju kó mọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó wà lára páálí ọjà lọ. Kì í ṣe olódo; orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ó kàn pinnu ni. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta páìpù omi àti ẹ̀rọ ìgbọ̀nsẹ̀, ó gba òmìnira, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Ìyá mi kú sí ọwọ́ rẹ̀. Èmi náà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo wà. Yàrá tó dára jù nínú ilé rẹ̀ ló fún mi, kì í jẹ́ kí ebi pa mí, kì í gbé ohùn sókè sí mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo dárúkọ ọjọ́ yẹn, mo dárúkọ pàṣán yẹn, mo ní kó forí jì mí. Ó ń ka páìpù kéékèèké sínú àpò. Ó ní òun ò rántí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà, mo gbọ́ tó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń se kókó ní Minna, iye ìgbà tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, àwọ̀ igbá tí Ìyá Rùkáyá fi ń bù ú.

Ó ní ọmọ kan, Àníkẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Bọ́láńlé ń sanwó fún olùkọ́ kan tó ń wá kọ́ ọ ní kíkà ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń yára, tó máa ń wo aago. Mo máa ń jókòó sínú yàrá, mo ń gbọ́ ibi tó ti ń ṣi ọmọ náà lọ́nà. Kò sẹ́ni tó ní kí n wá ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí mo ní mo lè ṣe é, Bọ́láńlé ní mo ti ṣiṣẹ́ tó, kí n sinmi.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, òjò kò jẹ́ kí olùkọ́ náà dé. Àníkẹ́ gbé ìwé rẹ̀ wá, ó fi ẹ̀yìn ti orúnkún mi, ó ní ìyá àgbà, kí lẹyẹ yìí ń sọ? Ọdún mélòó ni mo ti ń retí ìbéèrè náà. Mo gba ìwé náà, mo ṣí i, mo na ìka mi sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bọ́láńlé jáde láti ilé ìdáná, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó dúró. Ojú rẹ̀ kò le.

"Ẹ fi sílẹ̀, mà," ló wí. "Tíṣà rẹ̀ á dé lọ́la."

Mo pa ìwé náà dé, mo dá a padà fún ọmọ.